Ta Ló Ni Ẹ̀wọ̀n?

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Ẹ kà:* Jẹ́nẹ́sísì 39:11 dé 41:14, Mátíù 25:31-46, Ìwé Fílémónì

Kí ariwo ọjọ́ tó gbà wá lọ́kàn, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan síwájú ara wa láàárọ̀ yìí.

Ẹni tó ń ta ẹja là ń pè ní ẹlẹ́ja. Ẹni tó ń ta ẹran, ẹlẹ́ran. Ẹlẹ́kọ ló ni ẹ̀kọ, ẹlẹ́mu ló ni ẹmu. Ohun tí èèyàn ní, tàbí tó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, la fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ó wá dé orí ẹni tí ìjọba tì mọ́lé, a ní *ẹlẹ́wọ̀n* ni. Ṣé òun ló ni ẹ̀wọ̀n ni? Òun kọ́ ló rọ ọ́, òun kọ́ ló rà á, kò sì sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti tú u. Ìjọba ló ni ẹ̀wọ̀n. Orúkọ ta sì ni ìjọba fi ń ṣèjọba? Orúkọ wa ni. Owó wa ló fi ń ra kọ́kọ́rọ́, òun ló fi ń san owó oṣù ẹni tó dúró lẹ́nu géètì.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará, àwa la ni ẹ̀wọ̀n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, tiwa ni. Ẹni tó ń ti ibẹ̀ jáde bọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

*Jósẹ́fù àti agbọ́tí*

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá wàásù lórí Jósẹ́fù, àlá la máa ń sọ, a ó sọ ti ẹ̀wù aláràbarà, a ó sì sáré dé ààfin. A kì í pẹ́ nínú ẹ̀wọ̀n. Lónìí, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ tún orí 39 kà dáadáa. Ìyàwó ọ̀gá fẹ̀sùn kàn án, ó fi ẹ̀wù hàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ọ̀gá bínú, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Bíbélì kò sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni bi Jósẹ́fù léèrè pé, “Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sí i?” Kò sí adájọ́ tó jókòó, kò sí ẹlẹ́rìí, wọn ò sì sọ iye ọdún tí yóò lò. Àwọn baba wa ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yìn irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni Jósẹ́fù jókòó sí. Tí a bá fẹ́ fi èdè òde òní sọ ọ́, ẹni tó ń retí ìgbẹ́jọ́ ni Jósẹ́fù.

Nígbà tí agbọ́tí Fáráò fẹ́ jáde, ohun kan péré ni Jósẹ́fù bẹ̀ ẹ́. Kò tọrọ owó, kò tọrọ oúnjẹ. Ó ní kó bá òun dárúkọ òun fún Fáráò. Agbọ́tí jáde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì gbàgbé. Ọdún méjì gbáko!

Ẹ kíyè sí i pé agbọ́tí yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Bíbélì kò ní ó kórìíra Jósẹ́fù. Ó kàn bọ́ sí ìgbádùn òmìnira tirẹ̀ ni. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní ife ọba tó ń gbé lọ gbé bọ̀. Ohun tó ṣe Jósẹ́fù kò kọjá pé ọwọ́ rẹ̀ dí. Àìráyè agbọ́tí nìkan ti tó láti fi ọdún méjì kún ìyà ẹni tí kò jẹ̀bi.

Ìbéèrè òwúrọ̀ yìí nìyẹn: bí ọwọ́ mi bá dí, tí mi ò sì ṣe ẹnikẹ́ni níbi, ṣé mo bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi?

*Bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa*

Ní Nàìjíríà, nǹkan bí 80,000 èèyàn ló wà nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Nínú èèyàn mẹ́ta tí ẹ bá rí níbẹ̀, nǹkan bí méjì ni ilé ẹjọ́ kò tíì sọ pé ó jẹ̀bi. Wọ́n ń retí ìgbẹ́jọ́ ni. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, abala 36, sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Èyí ni pé lójú òfin, ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń pè ní ẹlẹ́wọ̀n, aláìlẹ́bi ni wọ́n lówùúrọ̀ yìí.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ọlọ́pàá kó gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ kan tí olè jà ládùúgbò, wọ́n sì kó òun náà mọ́ wọn. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kò sì mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ sórí. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ti débẹ̀ wò. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì, wọ́n ní ẹ̀sùn ìdigunjalè ni. Májísíréètì ní ẹjọ́ yìí kọjá agbára òun, kí wọ́n fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi ti iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ wá. Fáìlì gbéra. Wọ́n gbé ọlọ́pàá tó mọ ẹjọ́ náà, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí IPO, lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Fáìlì ò dé ibi tó ń lọ. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, wọ́n ní kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn wá sí kóòtù. Òmíràn pé, agbẹjọ́rò ìjọba ò wá. Òmíràn pé, adájọ́ ò jókòó. Lọ́dún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin wọ oṣù kẹfà, tí kóòtù wà ní títì jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ẹni tó wà níta sọ pé kóòtù ò ṣí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó wà nínú ọgbà kò ní ibi tó ń lọ.

Ká tiẹ̀ wá sọ pé wọ́n gba béèlì rẹ̀. Wọ́n á ní kó mú oníduró méjì wá, kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti gòkè dé ipele báyìí, kí èkejì ní ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, kí wọ́n mú ìwé owó orí wá. Níbo ni ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ ti fẹ́ rí wọn? Bí ẹni tó ní ilẹ̀ ti ń sùn nílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aláìní ń sùn ní Kírikírì tàbí Àgòdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n fi kan àwọn méjèèjì.

*Òfin wà, ta ni yóò pè é?*

Ẹ má ṣe jẹ́ ká rò pé òfin rere ni a ò ní. Abala 35 nínú òfin 1999 sọ pé ẹni tó ń retí ìgbẹ́jọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ ní àtìmọ́lé ju iye ọdún tó pọ̀ jù tí ẹ̀ṣẹ̀ náà lè gbà lọ. Òfin ọdún 2015 tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, èyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ní irú tiwọn, sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ tàbí kí wọ́n mú àbúrò dípò ẹ̀gbọ́n. Òwe wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Òfin yẹn kan náà ní kí májísíréètì máa bẹ àwọn àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù. Lọ́dún 2019, òfin tuntun yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà, ó sì lànà pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yọrí sí àtìmọ́lé. Ẹlòmíràn lè ṣiṣẹ́ ìlú, ẹlòmíràn lè wà nílé lábẹ́ àmójútó, wọ́n sì lè mú ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jókòó láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n òfin dà bí oògùn nílé ìtajà oògùn. Kì í rìn wá bá aláìsàn lórí ẹní. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde, kó wọ mọ́tò, kó lọ rà á, kó sì bá a gbé e dé ẹnu.

Àwọn tó ń gbé oògùn yìí rìn ni mo fẹ́ kí ẹ rántí lónìí. Ìjọba ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ fún un, bíi Legal Aid Council àti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú tó wà ní Èkó. Ẹ lò wọ́n, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti pọ̀ ju ọwọ́ wọn lọ. Àwọn ẹgbẹ́ bíi PRAWA tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, Headfort Foundation ní Èkó, àti Hope Behind Bars Africa, ń wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n láti bá àwọn aláìní gba ẹjọ́ rò tàbí láti mú wọn bọ̀ sípò. Lẹ́yìn àwọn tí orúkọ wọn jáde sí gbangba yìí, àwọn ẹgbẹ́ ẹsẹ̀kùkú wà ládùúgbò wa tí orúkọ wọn ò jáde rárá. Lọ́yà kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ìyáàfin olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wá ẹbí àwọn tó wà ní àtìmọ́lé kiri. Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, tó ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iṣẹ́ ìránṣọ.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Wọ́n ń wá fáìlì tó sọnù. Wọ́n ń kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ pé ọjọ́ ẹni yìí ti kọjá. Wọ́n ń pe ìyá tó ti rò pé ọmọ òun ti kú. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìtúsílẹ̀ kò ju ìwé kan, owó ọkọ̀, àti ìfaradà lọ. Ohun tí Jósẹ́fù bẹ agbọ́tí pé kó ṣe ni: *bá mi dárúkọ mi*.

*“Ẹni tí wọ́n jà lólè ńkọ́?”*

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí ọkàn rẹ̀ ń gbóná. Ó ní, “Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n fi ìbọn gba owó tí mo yá. Títí di òní mi ò lè sùn tí ilẹ̀kùn bá dún. Ẹ wá ní kí n máa dáwó fún wọn?”

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìbéèrè yín tọ́, a ò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ Bíbélì kan pa á mọ́ yín lẹ́nu. Ìjọ tó bá mọ ọ̀nà ilé ẹni tó jalè, tí kò mọ ọ̀nà ilé ẹni tí wọ́n jà lólè, ìyọ́nú ìdajì ló ní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Ìyá tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí kóòtù. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Ó tún ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ. Wọ́n tún sún un. Nígbà tó di ìgbà kẹjọ, kò lọ mọ́. Ọmọkùnrin tí wọ́n mú wà ní àtìmọ́lé lọ́dún kẹfà. Ta ló rí ìdájọ́ òdodo gbà nínú àwọn méjèèjì? Tó bá jẹ́ pé òun ló jalè, ìyá yìí kò tíì gbọ́ kí ilé ẹjọ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé òun kọ́, olè gan-an ń rìn kiri ọjà. Àtìmọ́lé láìsí ìgbẹ́jọ́ kì í gbẹ̀san fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tó ń jà kí ẹjọ́ yá, ti ìyá yìí náà ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ń da nǹkan mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ olówó tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àkọ́kọ́ ni *ìdáríjì*. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ àti Ọlọ́run ló ni ín. Èmi ò lè dárí ji ẹni tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù yín. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń fi ohun tí kì í ṣe tèmi tọrẹ. Kò sí páítọ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ipá gbà á lọ́wọ́ yín.

Èkejì ni *ìdájọ́*. Ilé ẹjọ́ ló ni ín. Kò yẹ kí ìjọ máa gbé ọ̀daràn sá, tàbí kó fi orúkọ Jésù bá a bẹ ọlọ́pàá kí wọ́n pa ẹjọ́ rẹ́. Bí ẹni bá jẹ̀bi, kó gba ìdájọ́ rẹ̀. Sákéù fúnra rẹ̀, nígbà tí ìgbàlà wọ ilé rẹ̀, ó ní òun yóò san ohun tí òun fi ẹ̀tàn gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Oore-ọ̀fẹ́ tó gbà kò pa gbèsè rẹ̀ rẹ́, òun ló tì í láti san án.

Ẹ̀kẹta ni *ìgbàpadà*. Èyí gan-an ni tiwa. Nígbà tí adájọ́ ti dájọ́, tí ẹni náà ti lo iye ọdún tí wọ́n dá fún un, tí géètì ṣí, ta ni yóò gbà á?

Ẹ wò ó, adájọ́ dá ọdún mẹ́ta fún un. Ó lò ó tán. Ó jáde, onílé ò gbà á, ọ̀gá ò fún un níṣẹ́, àdúgbò ń fi ọmọ hàn án pé, “Ẹ máa sá fún ìyẹn o, ẹlẹ́wọ̀n ni.” Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹlẹ́wọ̀n ṣì ni. Ọdún mẹ́ta ni adájọ́ dá. *Ta ló dá ìyókù?* Àwa ni. A jókòó lórí àga adájọ́ láìgbọ́ ẹjọ́, a sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tí òfin ti tú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, tó bá padà sínú ìwà àtijọ́, a ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Mo sọ bẹ́ẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún un ni ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọgbà.

*A mọ bí wọ́n ti ń ṣe é*

Ẹ má ṣe jẹ́ ká sọ pé Yorùbá kò mọ bí wọ́n ti ń gba ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé. Lọ́dún 1963, ilé ẹjọ́ rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó jáde lọ́dún 1966, nígbà tó sì di 1967, òun ni kọmíṣánnà ètò ìnáwó fún gbogbo Nàìjíríà. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999, wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Ta ló ń pè wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n?

Ẹ ó ní, “Àwọn yẹn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni.” Òótọ́ ni, ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ṣe fún wọn: a béèrè ẹjọ́. A béèrè pé ta ló dá a, kí ló fà á, kí ni wọ́n sọ pé wọ́n ṣe. A wo èèyàn náà kọjá ẹ̀wọ̀n tó wọ̀. Ọmọ mẹkáníìkì ò rí ìbéèrè kankan gbà lọ́wọ́ wa. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún láàárọ̀ yìí kò ju pé ká fún ọmọ tálákà ní ìbéèrè tí a fún àwọn ẹni ńlá.

Nínú Bíbélì náà, iṣẹ́ yìí ní orúkọ. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù dé Jerúsálẹ́mù, ẹ̀rù rẹ̀ ba àwọn ọmọ ẹ̀yìn, wọn ò sì gbà pé ó ti yí padà. Ẹ má dá wọn lẹ́bi, àwọn tó mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Sítéfánù ni wọ́n. Bánábà ló mú un lọ́wọ́, tó mú un lọ bá àwọn àpọ́sítélì, tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bánábà ṣe oníduró. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù alára wá di ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó kọ lẹ́tà sí Fílémónì nítorí Ónẹ́símù tó sá lọ. Pọ́ọ̀lù kò ní Ónẹ́símù kò jẹ gbèsè. Ó ní tó bá jẹ ẹ́ ní nǹkan, kó kọ ọ́ sí òun lọ́rùn. Ẹ rí i bí kò ṣe tẹ Fílémónì mọ́lẹ̀, tí kò sì ta Ónẹ́símù nù. Ó dúró láàárín àwọn méjèèjì, ó sì na ọwọ́ sí àpò ara rẹ̀.

Òwe wa kan ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ayé nìyẹn. Òwe mìíràn ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọ̀wọ́ ọ̀tún ni ilé ẹjọ́. Ọwọ́ òsì dà?

*Ìrẹsì Àjíǹde nìkan kò tó*

Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ló ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́dọọdún. A ó kó ìrẹsì, ọṣẹ àti bisikíìtì, a ó kọrin, a ó ya fọ́tò, a ó padà sílé. Ó dára. Ẹ má ṣíwọ́. Jésù ka ìbẹ̀wò sí ohun tí wọ́n ṣe fún òun gan-an. Ṣùgbọ́n tí Jésù bá wà nínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún èèyàn ogún tí ọgọ́ta ń sùn nínú rẹ̀, tí fáìlì rẹ̀ sọnù, ṣé ìrẹsì nìkan la ó gbé fún un, tí a ó sì dágbére? Ẹni tó fẹ́ràn èèyàn yóò gbé oúnjẹ fún un lónìí, yóò sì béèrè lọ́la pé, “Kí ló dé tó o ṣì wà níbí?”

Ìbéèrè kejì yẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe é lójoojúmọ́ lẹ́yìn, dípò ká dá tiwa sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Wọ́n mọ ọ̀nà kóòtù. Wọ́n mọ orúkọ akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì. Àìlówó ọkọ̀ ló ń dá wọn dúró nígbà púpọ̀.

Ṣé gbogbo ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́ ni yóò ṣe dáadáa? Rárá o. Ẹlòmíràn yóò já wa kulẹ̀. Ìyọ́nú kò sì ní kí a sọ ọgbọ́n nù. Ẹni tó ti fìyà ìṣekúṣe jẹ ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́ kíláàsì ọmọdé, bó ti wù kó sunkún tó. Ẹni tó fẹ́ ṣe oníduró gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ẹni náà bá sá lọ, ilé ẹjọ́ lè gba owó tó fọwọ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dá a ṣe. Ẹ bá ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n pé ẹnì kan lè jáni kulẹ̀ kò tó ìdí láti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn. Jésù ní Júdásì láàárín méjìlá, kò sì tú àwọn tó kù ká.

*Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí*

1. Ẹ wádìí ẹgbẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní ìlú yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe àti bí wọ́n ṣe ń náwó. Ẹgbẹ́ olóòótọ́ kì í bínú sí ìbéèrè owó.

2. Ẹ yan iye kékeré tí ẹ lè máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Owó kékeré tó ń dé déédéé sàn fún wọn ju owó ńlá tó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, torí pé oṣooṣù ni ọjọ́ kóòtù ń pé.

3. Tí ẹ bá jẹ́ lọ́yà, ẹ yọ̀ǹda ẹjọ́ kan lọ́dún. Tí ẹ bá jẹ́ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gba ẹnì kan tí ẹgbẹ́ náà jẹ́rìí sí láti kọ́ṣẹ́. Tí ẹ bá ní ilé, ẹ fi yàrá kan sílẹ̀ ní owó tó rọrùn.

4. Ẹ wá ẹnì kan tí wọ́n jà lólè tàbí tí wọ́n pa lára nínú ìjọ yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹjọ́ rẹ̀ bá ṣì wà ní kóòtù, ẹ bá a lọ jókòó níbẹ̀.

5. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà “ẹlẹ́wọ̀n” kúrò lẹ́nu. Ẹ pe èèyàn ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

*Ìbéèrè fún ọkàn wa:* Ta ni Jósẹ́fù tó ní kí n bá òun dárúkọ òun, tí mo ti gbàgbé? Ta ni mo ṣì ń dá ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí adájọ́ ti parí tirẹ̀?

*Àdúrà:* Baba wa ọ̀run, ìwọ tó wà pẹ̀lú Jósẹ́fù nínú ẹ̀wọ̀n, wà pẹ̀lú àwọn tí fáìlì wọn sọnù lónìí. Tu àwọn tí wọ́n jà lólè nínú, àwọn tí wọ́n pa lára, àti àwọn tí èèyàn wọn kò padà wálé. Fún àwọn adájọ́ ní ìgboyà, fún àwọn ọlọ́pàá ní ìbẹ̀rù rẹ. Di àwọn tó ń rin ọ̀nà kóòtù nítorí aláìní mú, kí ó má rẹ̀ wọ́n. Má jẹ́ kí òmìnira wa mú wa gbàgbé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ká tó lọ, ẹ rántí pé agbọ́tí padà rántí. Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó la ẹnu, ọjọ́ náà ni wọ́n sáré mú Jósẹ́fù jáde, tó fárí, tó pààrọ̀ aṣọ. Orílẹ̀-èdè kan là nínú ìyàn nítorí ẹni tí wọ́n ti gbàgbé sínú àtìmọ́lé. A ò mọ ẹni tó wà nínú ọgbà tó ń retí ẹnu wa.

Ọjọ́ yín á dára o. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó jẹ́ lọ́yà, àti ẹnì kan tó ní ọmọ lẹ́yìn géètì.